Ṣé Owó Ilẹ̀ Ògijo Yẹn Ṣòfò Ni?

Ó ti lé lóṣù kan báyìí tí gbólóhùn kan ti ń dà mí láàmú. Mo lè wà nídìí aṣọ tí mò ń fọ̀, á sọ sí mi lọ́kàn, mo lè wà nínú BRT, á tún sọ sí mi lọ́kàn. Bàbá Ìkòròdú ló sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n Màmá wa ni wọ́n, ibi ìsọmọlórúkọ kan la wà, wọ́n ti jẹun tán, wọ́n ń ta eyín. Wọn ò tiẹ̀ pariwo. Wọ́n kàn ní: "Owó ilẹ̀ Ògijo tẹ́ ẹ lọ kó fún àwọn oníríhábù yẹn, òfò ni. Ọmọ yín ti padà sídìí ẹ̀."

Mi ò fèsì. Àgbà ni wọ́n, èèyàn sì pọ̀ níbẹ̀, àti pé òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n sọ, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Àbúrò mi tún lo tramadol, oògùn apàrora tó ti di bárakú fún un, lẹ́yìn tó jáde, mi ò lè jiyàn ìyẹn. Ilẹ̀ Bàbá wa náà ti lọ, ẹni tó rà á ti kọ́lé síbẹ̀. Ohun tí mo wá ń rò kiri láti ọjọ́ yẹn ni pé, tẹ́ni tó jáde ní ríhábù, ilé ìtọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún, bá tún fọwọ́ kàn án, ṣé gbogbo ẹ̀ ti bà jẹ́ nìyẹn? Mo ti mọ ohun tí èmi gbà báyìí, mo sì fẹ́ kọ ọ́ síbí, torí mo mọ̀ pé ilé tiwa nìkan kọ́ ni wọ́n ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí.

Bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀

Ìwé ni àbúrò mi ń tẹ̀ ní Ṣómólú. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé tí ìbò bá ti ń bọ̀, ẹ̀rọ kì í sinmi níbẹ̀, pósítà olóṣèlú lóríṣiríṣi, kàlẹ́ńdà, ìwé pélébé, tọ̀sán-tòru, ọ̀gá á sì ní dandan kí iṣẹ́ jáde kílẹ̀ tó mọ́. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tramadol mì kí oorun má bàa gbé e, oní-mílígírámù 225 tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀, tí NAFDAC ò fọwọ́ sí irú agbára bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí rárá. Kì í mu igbó, kì í sì í mutí, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ gan-an ká tó fura. Ta ló máa fura sọ́mọ tó ń ṣiṣẹ́ bí aago?

Nígbà kan, ó fi í sílẹ̀ fúnra ẹ̀, nínú yàrá Màmá. Òógùn ń bò ó, ó ń yán ṣáá, inú ń ṣí i, eegun ń ro ó, kò lè sùn. Màmá ń gbàdúrà lé e lórí. Ó là á já, a sì dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí kó tó bọ́ lọ́kàn mi: tó bá jẹ́ ọtí líle tàbí Rohypnol, oògùn oorun yẹn, lẹni tiyín ń lò, ẹ má tì í mọ́lé pé kó fi í sílẹ̀ lójijì o. Gìrì lè gbé e, ó sì lè bá a lọ. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.)

Ìgbà tó wá tún bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ohun tá a kàn rí ni pé sílíńdà gáàsì ò sí ní kíṣìnì mọ́, ó ní wọ́n jí i. Ó ṣe díẹ̀, orí máṣíìnì ìránṣọ Màmá náà ò sí mọ́. Ó tún ṣe díẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ò sí mọ́, fóònù ẹ̀ ò lọ, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ò mọ ibi tó wà, àfìgbà tẹ́nì kan rí i ní Mushin níbi tó sùn sí níwájú ṣọ́ọ̀bù onípáálí, ó ti gbẹ kan eegun. Láti ọjọ́ tó gbé wóró àkọ́kọ́ mì títí dọjọ́ tá a rí i yẹn, irọ́ ló fi ń gbé ara ẹ̀. Irọ́ iṣẹ́, irọ́ owó oṣù tí wọn ò san, irọ́ ọ̀rẹ́ tó ń ṣàìsàn. Ó kúkú mọ̀ pé tóun bá fi lè la ẹnu, ẹkún ló kàn, pásítọ̀ ló kàn, ìpàdé ẹbí ló kàn, Bàbá Ìkòròdú á sì gbéra.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ní tiwa, òun gan-an mọ̀ pé kòkòrò náà burú. Ibi tóun lè ti sọ pé "mò ń jẹ ẹ́ o" ni kò sí.

Ìwé tó ní táímùsù tébù lẹ́yìn

Lẹ́yìn Mushin la ta ilẹ̀, tá a gbé e lọ sílé ìtọ́jú tí wọ́n ti ń sùn. Oṣù mélòó kan ló lò níbẹ̀. Mi ò fẹ́ fi ìyẹn gba àkókò yín, nọ́ọ̀sì àti oògùn ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n gba fóònù ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ó di jíjí ní ìdájí, gbígbálẹ̀, jíjókòó yíká láti sọ̀rọ̀, ìtọ̀ tí wọ́n kàn máa ní kí wọ́n lọ tọ̀ wá láìròtẹ́lẹ̀. Àwa ẹbí náà ń lọ jókòó níwájú kánsẹ́lọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó yẹ kí n sọ fún yín ni ìwé kan. Ẹsasáìsì olójú ewé ogójì ni, irú èyí tá a lò ní prámárì, tí táímùsù tébù wà lẹ́yìn ẹ̀. Kí wọ́n tó dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀, á fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ibi tóun ti lè ṣubú sínú ìwé yìí. Kì í ṣe "bóyá màá ṣubú" o, ibi tó ti lè ṣẹlẹ̀ gan-an, ọjọ́ wo, aago mélòó, lọ́dọ̀ ta. Àbúrò mi kọ ọ́ pé: "Ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n bá sanwó. Tí mo bá gbọ́ òórùn íǹkì. Tí ọ̀gá bá ní iṣẹ́ òru wà. Tí ebi bá ń pa mí tí mo tún ń bínú." Ojú ewé tó kẹ́yìn ló kọ "Àwọn tí mo máa pè" sí, orúkọ mẹ́ta: kánsẹ́lọ̀ ẹ̀, èmi, àti ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ wà ní yàrá kan náà níbẹ̀. Orúkọ Màmá ò sí níbẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ná.

"Mi ò lè dà á nù"

Ọjọ́ Ẹtì náà ló bọ́ sí lóòótọ́. Ó ti lé láago mẹ́sàn-án alẹ́, mò ń lọ yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ, fóònù dún.

"Àǹtí mi, ẹ kú alẹ́." Ó dákẹ́. Mo gbọ́ kọ̀ńdọ́ tó ń pe Ọ̀jọ́ta, Kẹtu, Maili 12 lẹ́yìn ẹ̀. "Mo ti lò ó o."

Ara mi tutù. Mo pa áyọ́ọ̀nù. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu pọ̀, ilẹ̀ Ògijo ló ṣáájú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kánsẹ́lọ̀ ti kọ́ wa lọ́jọ́ kan pé tírú alẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dé, ká má bi í pé "kí ló dé". Ìyẹn dàárọ̀. Lóru yẹn, nǹkan mẹ́rin péré ni ká bi í: níbo lo wà, kí lo lò, mélòó, ta ló wà pẹ̀lú ẹ. Mo bi í. Onípànù ló wà, nídìí ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì. Tramadol ni. Wóró kan. Òun nìkan ni. Ó ti kọ́kọ́ pe kánsẹ́lọ̀, fóònù ẹ̀ ò lọ, lòun fi pe èmi. Ìyókù káàdì oògùn náà sì ń bẹ lápò ẹ̀.

Mo ní, "Ó dáa. Da ìyókù sínú gọ́tà tó wà níwájú ẹ yẹn, kí n máa gbọ́."

Ó dákẹ́ pẹ́. Ẹni tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó ta sílíńdà gáàsì, á ti dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé "mo ti dà á nù, Àǹtí mi", màá dúpẹ́, màá sùn, ó tán. Ohun tó sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni: "Àǹtí mi, mi ò lè dà á nù. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ kí n tó pè yín. Ẹ bá mi bẹ Bọ̀dá kí wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ mi."

Mo ti ro gbólóhùn yẹn títí láti ìgbà náà. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó jókòó síwájú ìyá oníbúrẹ́dì, ó ń sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin pé ọwọ́ òun ò gbọ́ tòun. Ojú tó ń ti èèyàn kì í jẹ́ kó sọ irú ẹ̀. Àbúrò mi sọ ọ́.

Ọkọ mi mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó jáde. Èmi ò pa fóònù. A sọ̀rọ̀ títí ọkọ mi fi débẹ̀, kò sì sóhun gidi kan tá a sọ. Mo bi í ní iye tí wọ́n pe aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọmọ Bọ̀dá Ṣàgámù, bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi ni mo gba owó aṣọ náà. Ó dá mi lóhùn. Mo ní wọ́n ti ń já wa jẹ, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi dé, ó na káàdì oògùn sí i nínú ọ̀rá búrẹ́dì, ojú kan ṣoṣo ló ti fọ́ lára ẹ̀.

A ò jẹ́ kó dá sùn lálẹ́ yẹn. Ẹ fetí sí èyí dáadáa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́ni ní ríhábù: tó bá ti tó oṣù mélòó kan téèyàn ò ti lò ó, ara ti gbàgbé ẹ̀. Iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe é ní nǹkan kan, tó bá gbé iye yẹn mì lẹ́yìn tó jáde, ó lè má jí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kú, ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni wọ́n kú, wọ́n sì dá wà nínú yàrá, torí ojú ń tì wọ́n láti jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀.

Kí la wá fi owó náà rà?

Ìpè yẹn la fi rà. Bí mo ṣe gbà á nìyẹn, kẹ́nikẹ́ni máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Tẹ́lẹ̀, kí òótọ́ tó jáde, a ti pàdánù sílíńdà, máṣíìnì, iṣẹ́, díẹ̀ ló sì kù kó jẹ́ òun gan-an. Lọ́tẹ̀ yìí, kò tó wákàtí kan. Wóró kan, ìpè kan, mọ́tò dé. Bàbá Ìkòròdú ń ka iye ìgbà tó ṣubú. Èmi ń wo bí ó ṣe pẹ́ tó nílẹ̀ níbẹ̀, àti ẹni tó pè.

Màmá wa ní BP, ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀, tí ọdún bá sì dé, tí wọ́n bá jẹ iyọ̀ jẹ ẹran dídín, á tún gbéra sókè, a óò gbé wọn lọ sọ́sípítù, dókítà á pààrọ̀ oògùn. N ò tíì gbọ́ kẹ́nikẹ́ni jókòó síbi ìsọmọlórúkọ kó ní owó tá a ti ń ná sórí BP Màmá ṣòfò. Lọ́dún 2000, àwọn olùwádìí kan kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an nínú JAMA, ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà. Wọ́n fi bárakú oògùn wé àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti asthma. Ìdá 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìtọ́jú oògùn olóró ló máa ń tún lò ó láàárín ọdún kan. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti asthma tó tún máa ń dìde pa dà, ìdá 50 sí 70 ni. Tiwọn tiẹ̀ ju tàwọn ọmọ wa lọ. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ní asthma ò jí gáàsì ẹnikẹ́ni, mo mọ̀, ìdí nìyẹn tí inú ò fi bí wa sí i.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Nínú ẹbí tiwa, ọmọ ló ṣubú, àgbà ló ń bá a wo ẹ̀yìn, ẹ̀yìn náà ò sì kọjá Ògijo.

Dókítà tó mutí lọ sí ìpàdé

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan wà ní Akron, ní Ohio, l'Amẹ́ríkà, Bob Smith lorúkọ ẹ̀, ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935 ló pàdé Bill Wilson, oníṣòwò kan tóun náà ti jìyà ọtí tó sì ti fi í sílẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, dókítà fi ọtí sílẹ̀, inú gbogbo ilé dùn. Kò pẹ́ sígbà náà, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìpàdé àwọn dókítà ní Atlantic City, bó ṣe wọlé tó bẹ̀rẹ̀ sí í mutí nìyẹn. Nígbà tó máa fi lajú, ilé ọ̀rẹ́ kan ló bá ara ẹ̀, kò mọ bóun ṣe débẹ̀. Iṣẹ́ abẹ sì ń dúró dè é, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, Bill ló fún un ní bíà kan láàárọ̀ ọjọ́ náà kí ọwọ́ lè dúró. Ọtí tó mu kẹ́yìn nìyẹn títí tó fi kú lọ́dún 1950.

10 oṣù Kẹfà 1935 ni ẹgbẹ́ AA (Alcoholics Anonymous), ẹgbẹ́ àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti fi ọtí sílẹ̀ tí àwọn méjèèjì dá sílẹ̀, tó ti wá tàn kárí ayé báyìí, pe ọjọ́ náà, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì kà sí ọjọ́ ìbí wọn. Wọn ò ka ọjọ́ tí àwọn méjèèjì pàdé. Ká ní Bill jẹ́ Bàbá Ìkòròdú ni, á ti ní "wákàtí tí mo fi bá ẹ sọ̀rọ̀ yẹn, òfò ni", á sì ti wọkọ̀ padà sí New York.

Wọ́n ní ká gbé e lọ síbi tí kò ti ní lè jáde

Lẹ́yìn ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà tàn káàkiri ẹbí, àbá tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá ni pé ibì kan wà tí wọ́n ti ń dè wọ́n mọ́lẹ̀, tówó ẹ̀ ò pọ̀, tí kò sì sí pé ẹnikẹ́ni ń sá. Kẹ́ ẹ má rò pé ìtàn ilẹ̀ Hausa nìkan ni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, n'Ìbàdàn níhìn-ín, ní Ọjọ́ọ̀, ọlọ́pàá tú èèyàn 259 sílẹ̀ nínú ilé kan tí wọ́n ní àwọn ti ń tún ìwà ṣe. Mi ò ní bú ẹbí tó gbé ọmọ lọ sírú ibẹ̀. Ìwádìí tí UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, àti ìjọba àpapọ̀ gbé jáde fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 èèyàn ló lo oògùn olóró ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan, Èkó ló sì léwájú, ibùsùn tó wà fún ìtọ́jú ò sì tó nǹkan kan lára iye yẹn. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ tó máa tà, ibo ló fẹ́ lọ? Ṣùgbọ́n ẹni tẹ́ ẹ so mọ́lẹ̀ ò ní fóònù tó máa fi pè yín. Ìgbà tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ bá kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó máa parọ́ fún.

Èyí tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá níbí la ti mọ ohun tó dáa ju ìyẹn lọ láti ọdún 1954. Ìgbà yẹn ni Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, dá ètò abúlé sílẹ̀ ní Aró. Dípò kó ti àwọn alárùn ọpọlọ mọ́ wọ́ọ̀dù, àárín ará abúlé tó yí ọsibítù ká ló fi wọ́n sí, wọ́n ń sùn lọ́dọ̀ àgbẹ̀, wọ́n ń wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Tó o bá sì mú ẹni ẹ wá, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá a dúró. Bí mo ṣe lóye ohun tí Lambo ń ṣe ni pé ilé ló máa padà sí lọ́jọ́ kan, nítorí náà kí ará ilé ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kó mọ bí wọ́n ṣe ń bá a gbé. Ìjókòó tá a jókòó níwájú kánsẹ́lọ̀, tí mo ń kùn sí nígbà yẹn pé ó jìnnà, ohun tó ṣe fún wa gan-an nìyẹn. Ká ní mi ò lọ ni, ìbéèrè mẹ́rin yẹn ò bá máà sí lẹ́nu mi.

Ẹ má rò pé a fọwọ́ lẹ́rán o

Mo mọ ohun táwọn kan máa sọ: ṣebí ẹ ti sọ fún un pé kó máa lò ó kó sì máa pè yín nìyẹn. Rárá o. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à fi tòsì fà á mọ́ra, a sì lo ọ̀tún náà dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bi í ní gbogbo "kí ló dé" tí mi ò bi í lóru, ilẹ̀ Ògijo náà wọ inú ẹ̀. Ó padà sọ́dọ̀ àwọn tó tọ́jú ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Kò ṣiṣẹ́ òru mọ́, ibi tí wọ́n ti ń gé ìwé tí wọ́n ti ń dì í ló wà báyìí, owó ẹ̀ ò tó ti tẹ́lẹ̀, ó sì ń ráhùn lórí ẹ̀. Káàdì ATM ẹ̀ wà lọ́wọ́ ọkọ mi. Tó bá yá wọn á jà lórí ìyẹn, mo ti ń rí i tó ń bọ̀, torí kò sí bí àgbà ọkùnrin ṣe lè máa tọrọ owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kínú ẹ̀ máa dùn.

Èyí tá ò tíì yanjú ni ti Màmá. Wọ́n rí ìwé náà lórí tábìlì lọ́jọ́ kan, wọ́n kà á títí dé ojú ewé tó kẹ́yìn, ni wọ́n bá ní, "Èmi tí mo bí i? Ẹni tí wọ́n jọ sùn ní yàrá wà níbẹ̀, èmi ò sí níbẹ̀?" Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹkún lẹ máa bẹ̀rẹ̀ tí mo bá pè yín, èmi ni màá tún máa rẹ̀ yín lẹ́kún." Màmá ní irọ́ ni, àwọn ò ní sunkún mọ́, kó dán àwọn wò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè wọ́n ní ìsọ̀ wọn ní ọjà. Ó ní, "Màámi, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín." Kó tó gbé ẹnu kúrò níbẹ̀, Màmá ti figbe ta, "Yéè, mo gbé!", aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti dìde, ẹnì kan ti ń bu omi bọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé ló fẹ́ béèrè ibi tí wọ́n fi sí.

Màmá ní ìyẹn ò kà, wọ́n ní kó tún dán àwọn wò.